Ọjà Tí A Kò Fọwọ́ Kàn Kí A Tó Sanwó

Ẹni tó bá lọ ra ìkòkò lọ́dọ̀ àwọn amọ̀kòkò Òkèlélé ní Ìlọrin, tàbí ní Ìpetumodù, kì í kọ́kọ́ béèrè iye owó. Yóò gbé ìkòkò náà sókè, yóò yí i sí ìmọ́lẹ̀, yóò ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ yí ká, lẹ́yìn náà ni yóò fi ìka gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí yóò sì tẹ́tí. Ìkòkò tó pé, ìró rẹ̀ a máa le, a sì máa fà díẹ̀ kó tó dákẹ́. Èyí tó ti sán nínú iná, bí ojú ò tilẹ̀ rí ibi tó ti sán, ìró rẹ̀ á kú sínú. Ìyá tó ń tà á kì í bínú sí ẹni tó ń gbá ìkòkò. Òun fúnra rẹ̀ á tún mú òmíràn, á gbá a kí oníbàárà gbọ́. Ìgbà tí oníbàárà bá gbọ́ èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn ni ọ̀rọ̀ owó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àṣà ọjà wa fi le lẹ́yìn ìsanwó. Bí ẹ bá ti sanwó, tí ẹ gbé ìkòkò yín, tí mọ́tò bá gbò ó lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ títí tó fi fọ́, kò sí ìyálọ́jà tó máa dá yín láre pé kí wọ́n dá owó yín padà. Ọjà tí a bá ti tà tán, a kì í gbà á padà. Èmi ò rí ìwà ìrẹ́jẹ kankan nínú òfin yẹn, nítorí òǹtajà ti fún yín láàyè gbogbo: ẹ wò ó, ẹ gbá a, ẹ ná an, ẹ sì fojú ara yín yàn án. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ti gbé òfin ìdí àtẹ yìí kúrò níbi tó ti tọ́, wọ́n gbé e lọ síbi tí kò sẹ́ni tó gbá ìkòkò kankan wò. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù ní Ìkẹjà tàbí ní Dùgbẹ̀, ẹ ó rí i tí wọ́n fi òyìnbó kọ ọ́ mọ́ ògiri pé kò sí owó padà lẹ́yìn ìsanwó. Àwọn tó ń tajà lórí Instagram àti WhatsApp náà ń kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán ọjà wọn.

Orí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni òfin náà dúró lé: pé oníbàárà ti yẹ ọjà wò. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá yẹ̀, ìrẹ́jẹ ló kù.

Ẹ jẹ́ ká wo arábìnrin kan ní Òṣogbo tó rí tẹlifíṣàn lórí fóònù rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ dára, owó rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn, Èkó sì ni òǹtajà wà. Ó sanwó. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, páálí dé. Téèpù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ wà digbí, kò síbi tó ya. Ó fọwọ́ sí ìwé, ọmọkùnrin tó gbé e wá sì gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n gbé tẹlifíṣàn jáde, tí wọ́n fi wáyà rẹ̀ síná, ohùn ń jáde, ṣùgbọ́n apá kan ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ìlà sì já a kọjá látòkè délẹ̀. Gíláàsì inú lọ́hùn-ún ló ti fọ́. Tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ òde òní lè fọ́ báyìí láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe páálí rẹ̀. Kí wọ́n ṣáà tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja nínú ọkọ̀, kí wọ́n sì to ẹrù mìíràn lé e lórí, ó tán. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń ya ọfà sára páálí rẹ̀ pé òró ni kó máa wà.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ta ni arábìnrin yìí fẹ́ wò báyìí? Kò rí òǹtajà rí. Ẹni tó gbé ẹrù wá yóò sọ pé páálí ni wọ́n gbé fún òun, páálí náà ni òun sì jíṣẹ́. Òǹtajà yóò sọ pé ó pé nígbà tó kúrò lọ́wọ́ òun. Bí ọ̀rọ̀ bá dà báyìí, ọ̀pọ̀ èèyàn wa á kan pòṣé, wọ́n á wá alátùn-únṣe, owó á sì jáde lápò wọn lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ ọjà tí a kò rí kí a tó rà kì í ṣe ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. Ní 1893, nígbà tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi lẹ́tà àti tẹlígíráàmù ra ẹrù láti òkè òkun, wọ́n ṣe òfin kan lórí ọjà títà ní London. Òfin yẹn bá ìjọba amúnisìn dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe òfin tiwọn. Abala 34 rẹ̀ sọ pé bí wọ́n bá gbé ọjà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀, a kò lè sọ pé ó ti tẹ́wọ́ gbà á títí yóò fi ní àǹfààní tó tọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìka tí a fi ń gbá ìkòkò nìyẹn. Òfin gbé e kúrò níwájú owó, ó gbé e sẹ́yìn owó, ṣùgbọ́n kò gbà á lọ́wọ́ oníbàárà.

Ibi tí òfin àtijọ́ yẹn ti ṣe oníbàárà níkà ni ojú ọ̀nà. Nínú rẹ̀, bí òǹtajà bá ti kó ẹrù lé ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ kó gbé e wá bá yín, nígbà púpọ̀ ó dà bíi pé ó ti kó o lé ẹ̀yin fúnra yín lọ́wọ́. Ohun tó bá fọ́ lójú ọ̀nà di tiyín. Ìyẹn lè tọ́ láàárín oníṣòwò méjì tí àwọn méjèèjì ní agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n kò tọ́ láàárín ilé iṣẹ́ ńlá àti ìyá tó ra bùlẹ́ńdà kan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti yí i padà fún oníbàárà. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà wọn ti 2015, ní abala 29, sọ pé orí òǹtajà ni ewu ọjà wà títí ọjà náà yóò fi wọ ọwọ́ oníbàárà, tàbí ọwọ́ ẹni tí oníbàárà fúnra rẹ̀ dárúkọ pé kó bá òun gbà á. Bí ẹni tó wà ní Peckham ní London bá gbọ́ tí òǹtajà ń sọ fún un pé kó lọ bá àwọn tó gbé ẹrù wá jà, kó mọ̀ pé ẹjọ́ òǹtajà ni.

Àyè kan ṣí sílẹ̀ nínú abala yẹn tó yẹ kí àwọn ará Èkó fetí sí. Bó bá jẹ́ pé oníbàárà fúnra rẹ̀ ló lọ wá ẹni tó máa gbé ẹrù náà, tí kì í ṣe lára àwọn tí òǹtajà ní kó yàn, ìgbà tí ẹrù bá ti bọ́ sọ́wọ́ onítọ̀hún ni ewu rẹ̀ ti kúrò lọ́rùn òǹtajà. Òfin Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn o, ṣùgbọ́n èrò tó wà nínú rẹ̀ kò jìnnà sí ti ọjà wa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ń pe dispatch tiwọn kó lọ gba ẹrù nítorí pé ti òǹtajà wọ́n jù. Ohun tí wọ́n pàdánù níbi tí wọ́n ti fẹ́ dín owó kù lè jẹ́ ọ̀nà àti gba owó padà gan-an. Bó bá jẹ́ nǹkan tó lè fọ́, ẹ jẹ́ kí òǹtajà fi ẹni tirẹ̀ rán an.

Ní Nàìjíríà, òfin tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ lórúkọ ni òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti 2018, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019. Òun ló bí àjọ FCCPC, tó gba ipò àjọ ààbò oníbàárà tó ti wà láti 1992. Abala 122 nínú rẹ̀ ni kí ẹ fi sórí. Ó sọ pé oníbàárà lè dá ọjà padà kó sì gba gbogbo owó tó san, bó bá jẹ́ pé kò ní àǹfààní láti yẹ ọjà náà wò kí wọ́n tó gbé e wá, tó sì kọ̀ ọ́ láàárín àkókò tó tọ́ nítorí pé kò bá ohun tí wọ́n ṣàpèjúwe tàbí àpẹẹrẹ tí wọ́n fi hàn mu, tàbí pé irú rẹ̀ àti dídára rẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n jọ fi àdéhùn sí. Tẹlifíṣàn tó fọ́ nínú páálí kò bá àpèjúwe kankan mu. Gbogbo owó ni òfin sọ. Kò sọ ààbọ̀, kò sì ní kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sínú ìwé pé kí ẹ padà wá fi ra nǹkan mìíràn.

Nítorí náà, ohun tí wọ́n kọ mọ́ ògiri pé kò sí owó padà kò lágbára lórí ọjà tó bàjẹ́. FCCPC ti sọ ọ́ ní gbangba lọ́pọ̀ ìgbà pé irú ìkéde bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin. Òǹtajà kan kò lè fi bébà àti téèpù pa ohun tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí.

Ṣùgbọ́n ẹ padà wo ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀: àkókò tó tọ́. Òfin wa kò ka ọjọ́ rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kà á. Lọ́dọ̀ wọn, oníbàárà ní 30 ọjọ́ láti kọ ọjà tó ní àbùkù kó sì gba owó rẹ̀ pé. Bí 30 ọjọ́ bá ti kọjá, òǹtajà lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́kọ́ tún un ṣe tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí ìyẹn bá kùnà ni owó padà tún wọ̀ ọ́. Láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, àbùkù tó bá yọjú, wọ́n á gbà pé ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àyàfi bí òǹtajà bá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá sì ti gbà láti dá owó padà, 14 ọjọ́ ló ní, ọ̀nà tí owó gbà wá náà ló sì gbọ́dọ̀ gbà padà. Yàtọ̀ sí gbogbo èyí, ọjà tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó pé tí kò ní àbùkù kankan, wọ́n ṣì lè yí ọkàn padà lórí rẹ̀ láàárín 14 ọjọ́ lẹ́yìn tó dé. Ní Ṣáínà, ọjọ́ méje ni irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ láti oṣù kẹta 2014.

Lọ́dọ̀ wa tí òfin kò ka ọjọ́, ọwọ́ yín ni kí àkókò yẹn má ti gùn. Ẹ̀gbọ́n tó ra fíríìjì nínú oṣù kẹwàá tó tọ́jú páálí rẹ̀ sí yàrá títí di ọjọ́ Kérésì kó tó ṣí i, kí ni yóò sọ pé ó fa ìdádúró? Ọjọ́ tí ẹrù bá dé ni kí ẹ ṣí i. Kí ẹlòmíràn gbé fóònù dání, kó máa ya fídíò láti ìgbà tí téèpù ṣì wà lójú rẹ̀. Kó ya ìwé àdírẹ́sì tó wà lára páálí, kó ya igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin páálí, kó má sì dá fídíò náà dúró títí tí ẹ ó fi gbé ọjà jáde, tí ẹ ó fi ya nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹ ó sì fi tàn án. Fídíò tó já lágbede méjì ń fún ẹlẹ́jọ́ ní ọ̀rọ̀ sọ. Bí ẹni tó gbé e wá kò bá lè dúró, tó sì ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ máa ń gba èèyàn lọ́jọ́ ẹjọ́.

Bí ẹ bá rí i pé ó ti bàjẹ́, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe àdúgbò pé kó kàn bá yín yọjú wo inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí a ti mọ̀ ọ́n, ilé rẹ̀ ò jìnnà, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí sùkúrù kan bá ti tú, òǹtajà á ní alátùn-únṣe ló bà á jẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa lè já a ní koro. Ẹ tọ́jú páálí, fóòmù inú rẹ̀, rìsíìtì, àti ìkéde tí ẹ rí kí ẹ tó rà á. Ẹ ya àwòrán ìkéde yẹn pa mọ́ sórí fóònù, nítorí òǹtajà lè yọ ọ́ kúrò lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé. Ìpè fóònù dára fún ìkíni, kò dára fún ẹ̀rí. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rà á, nọ́ńbà ìrajà, ọjọ́ tó dé, ohun tó bàjẹ́, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ń fẹ́ gan-an: owó ni àbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó kọ̀wé pé kí wọ́n ṣàánú òun, kí wọ́n wo ohun tí wọ́n lè ṣe, ti sọ ẹ̀tọ́ di ìtọrọ. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, ẹ pè é ní ọ̀gá bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ abala 122.

Ọ̀nà tí owó gbà lọ ni yóò sọ bí yóò ṣe rọrùn tó láti padà. Ìgbà tí Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012, wọ́n rí i pé èèyàn wa kò ní sanwó fún ohun tí kò rí, ni wọ́n bá jẹ́ kí oníbàárà máa sanwó nígbà tí ọjà bá dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbé òwò náà rìn. Síbẹ̀, bí ẹ bá san owó kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ ṣí páálí, páálí ni ẹ rí, ẹ kò rí ọjà. Àwọn ará Ṣáínà gba ọ̀nà mìíràn. Taobao, ọjà tí ilé iṣẹ́ Alibaba dá sílẹ̀ ní 2003, bá ìṣòro kan náà pàdé, ohun tí wọ́n sì ṣe di Alipay: owó oníbàárà kò lọ sápò òǹtajà, àárín ni wọ́n ń dá a dúró sí, títí oníbàárà yóò fi sọ pé ọjà ti dé, ó sì pé. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí láyé, èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò dúró de adájọ́.

Káàdì ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó fi káàdì sanwó lè kọ̀wé sí báǹkì rẹ̀ pé òun kò gba ohun tí òun san owó fún, kí báǹkì náà sì bá a gbé ẹjọ́ tọ báǹkì òǹtajà lọ láti fa owó náà padà. Ó ní iye ọjọ́ tó wà fún un, nítorí náà kí a tètè lọ. Àwọn ará wa tó ń lo káàdì gbèsè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ohun tó ju èyí lọ. Abala 75 nínú òfin wọn ti 1974 sọ pé bí ọjà kan bá ju £100 lọ, tí kò sì ju £30,000 lọ, báǹkì tó ni káàdì àti òǹtajà jọ jẹ oníbàárà ní gbèsè ni. Bí òǹtajà bá ti kógbá sílé, ẹ lè béèrè gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ báǹkì. Ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì ẹnì kan tó mọ̀ lórí Instagram kò ní ọ̀kankan nínú èyí. Báǹkì rẹ̀ á sọ fún un pé òun fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn fi owó ránṣẹ́, òótọ́ ni wọ́n sì sọ.

Bí òǹtajà bá kọ̀, FCCPC ń gba ẹ̀sùn, ní Èkó sì ni àjọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LASCOPA wà. Láti 2018, ìpínlẹ̀ Èkó tún ní ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré, tí kò ju ₦5 mílíọ̀nù lọ, tí wọ́n sì fi 60 ọjọ́ sí láti parí ẹjọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lẹ́tà béèrè owó náà lọ́wọ́ òǹtajà kí ẹ tó lọ, èèyàn sì lè dúró fúnra rẹ̀ láìgba lọ́yà. Ọ̀pọ̀ òǹtajà kì í jẹ́ kó dé ibẹ̀ tí wọ́n bá ti rí lẹ́tà yẹn.

Ẹ̀tọ́ àti gba owó padà yìí kò sí fún ẹni tó wọ aṣọ lọ òde tán tó wá ní kò bá òun mu, tàbí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù lu tẹlifíṣàn. Irú wọn ló ń jẹ́ kí òǹtajà olóòótọ́ máa fura sí gbogbo wa.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí FCCPC àti àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa láti Èkó dé Èkìtì. Abala 114 nínú òfin 2018 yìí kan náà fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀rọ̀ ní èdè tó rọrùn tó sì lè yé e. Èdè òyìnbó àwọn agbẹjọ́rò ni wọ́n fi kọ òfin náà fúnra rẹ̀. Ẹ tú abala 122 sí Yorùbá, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sórí bébà, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní Àlábá, ní Dùgbẹ̀ àti ní Ìgbọ̀nà, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kò sí owó padà.